Oríkì Ìyá Àgbà Tí Mo Fi Ti Ilẹ̀kùn Láàbù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ máa ń bá mi rẹ́rìn-ín lórí ìkànnì yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, àmọ́ tòní ò ní ẹ̀rín nínú. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti ń kọ ọ́ tí mo sì ń pa á rẹ́. Bí ẹ bá rí i kà lónìí, ẹ mọ̀ pé mo ti di ojú mi nìyẹn, mo ti tẹ bọ́tìnì.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni èmi Fúnmi ń ṣe ní Òmù-Àrán níbí. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àti íńtánẹ́ẹ̀tì fún láàbù kan tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mi ò ní dárúkọ láàbù náà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, Mátíròn ni gbogbo wa ń pè é. Láàbù gan-an wà ní Òmù-Àrán, ẹ̀ka kékeré kan sì wà ní Ẹ̀sìẹ́, ìlú mi. Ní Ẹ̀sìẹ́, nọ́ọ̀sì kan á gba ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn, ọlọ́kadà á gbé e wá bá wa, a ó yẹ̀ ẹ́ wò, èsì á wá gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì padà sí Ẹ̀sìẹ́, níbi tí wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé.

Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ o! Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ìyẹn? Ẹni tó lóyún tí àwọn òbí ẹ̀ ò tíì gbọ́, ẹni tó ní àrùn tí ìyàwó ẹ̀ ò mọ̀. Ṣé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa rìn ní ìhòòhò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún wọn.

Ẹ má sá lọ o, mi ò ní kọ́ yín níṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nǹkan méjì péré ló yẹ kí ẹ mọ̀ nípa VPN kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Àkọ́kọ́, kó tó gba ẹnikẹ́ni wọlé, á bi í pé ta ni ọ́, kí sì ni ẹ̀rí rẹ? Kọ̀ǹpútà Ẹ̀sìẹ́ á fi hàn pé òun mọ kọ́kọ́rọ́ tí sáfà Òmù-Àrán, kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo èsì wà nínú rẹ̀, náà mọ̀, kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, kò sì ní sọ ọ̀rọ̀ náà jáde lójú ọ̀nà. Ìkejì, bí àwọn méjèèjì bá ti gba ara wọn gbọ́, wọ́n á jọ ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun tó jẹ́ ti ìgbà yẹn nìkan, òun ni wọ́n á fi máa yí ọ̀rọ̀ wọn padà di rúdurùdu. Ẹni tó bá yọjú wò ó lójú ọ̀nà ò ní rí nǹkan kan kà. Wọ́n á tún lẹ èdìdì mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà lójú ọ̀nà, èdìdì ò ní bára mu mọ́, sáfà á sì da ọ̀rọ̀ náà nù.

Ó dára, àbí? Ó dára gan-an ni. Kò sí ibì kankan tí VPN yẹn ti bàjẹ́ nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Èmi tí mo ṣe é ni mo ba nǹkan jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti kọ́kọ́rọ́ náà. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, tí ẹ̀rọ mìíràn ò ní. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí gbogbo ẹ̀rọ jọ mọ ọ̀rọ̀ kan náà. Èyí tó rọrùn ni mo ṣe. Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ní Ìlọrin ti kìlọ̀ pé bí a bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà gùn, kó má wà nínú ìwé kankan, kó má sì jẹ́ ohun tí àjèjì lè rò dé.

Mo jókòó, mo rò ó. Kí ló gùn, tí mi ò lè gbàgbé láé, tí olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì kankan lókè òkun ò lè mọ̀? Oríkì wa ni!

Ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó má kì wá. Bí èmi àti Bísí àbúrò mi bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á fọwọ́ lé wa lórí, á sì bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ìlú mọ̀, ó ní àwọn ìlà kan tó jẹ́ ti ìdílé ìyá tirẹ̀, tó gbé wá sílé ọkọ láti Rórẹ́. Kò sí ẹlòmíràn tó ń kì wá bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà ti lọ, àmọ́ àwọn ìlà yẹn ò kúrò létí mi. Mẹ́ta nínú wọn ni mo dì pọ̀ láìsí àmì ohùn, láìsí àlàfo. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo ti kọ́gbọ́n.

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ já wọ láàbù wa, àfi kó lọ jí Ìyá Àgbà dìde! Ẹ gbọ́, ta ló tún lè ṣe irú àṣìṣe yìí bí kò ṣe ọmọ Yorùbá? Oríkì tí wọ́n ń kì sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́, òun ni mo sọ di àṣírí.

Kò tán síbẹ̀ o. Àwọn nọ́ọ̀sì wa máa ń gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù sọ́fíwíà tí èsì wà nínú rẹ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n ń pè mí, ó sì sú mi. Mo wá ṣe é pé ẹnikẹ́ni tó bá ti gba inú VPN wọlé, kí sọ́fíwíà má ṣe bi í léèrè nǹkan kan mọ́. Ṣebí ẹni tó ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ilé ni?

Ó wá ku ti Alhaji Mùídì. Alhaji ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún wa, ọmọ Ṣàrẹ́ ni, àgbàlagbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ìgbà tí èmi wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní ìwé ńlá kan tó máa ń fi gègé kọ gbogbo èsì sí, kó tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo lọ bá Mátíròn pé iṣẹ́ àṣetúnṣe nìyẹn, kí ó jáwọ́ níbẹ̀. Alhaji kò bínú. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó pè mí ní Ìyá Kọ̀ǹpútà, ó wá béèrè pé bí ẹ̀rọ bá purọ́ lọ́jọ́ kan, ta ni yóò jẹ́rìí? Mo ní ẹ̀rọ kì í purọ́, Alhaji. Ó pa ìwé náà dé, ó gbé e sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì kọ nǹkan kan sí i mọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan Bísí.

Àwa méjì péré ni màmá wa bí, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Tíṣà ni Bísí ní Ẹ̀sìẹ́. Òun àti Délé, ọmọ Rórẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ti ń fẹ́ ara wọn tipẹ́. Nígbà tó tó àkókò ìgbéyàwó, pásítọ̀ wọn ní òun ò ní so wọ́n pọ̀ láìrí ìwé jínótáìpù, àti pé AS pẹ̀lú AS ò ní fẹ́ra nínú ìjọ òun. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àwọn méjì tó jẹ́ AS bá bímọ, ọmọ náà lè jẹ́ SS, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn. Délé ti ṣe tirẹ̀ ní Ìlọrin, AS ni, kò sì fi pamọ́. Ó wá ku Bísí.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ka wa ní Ẹ̀sìẹ́. Alhaji yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà. Ní Mọ́ńdè, nọ́ọ̀sì Ẹ̀sìẹ́ tẹ èsì jáde, ó sì fi í ránṣẹ́ sí pásítọ̀. AA! Ẹ̀yin ará, mo jó nínú ọ́fíìsì. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó, kò sì pé ọdún kan tí Bísí fi bí ọmọkùnrin, Ayọ̀mídé.

Ọmọ náà sanra, ó fẹ́ràn ẹ̀rín. Nígbà tó tó bí oṣù méje, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Wọ́n ní ibà ni. Ó tún wú, wọ́n ní eyín ló fẹ́ hù. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ó ń rù, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fọ́ léegun. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ dárúkọ fòníkú-fọ̀ladìde, wọ́n á mú ìwé Bísí jáde: ìyá rẹ̀ AA ni, kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé wa pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi ń fún ọmọ yẹn ní oògùn ibà.

Dókítà kan ní Ìlọrin ló sọ pé òun ò fẹ́ rí ìwé kankan. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, ó yẹ ti bàbá àti ìyá. Bàbá AS. Ìyá AS. Ọmọ SS.

Bàbá Délé àti àwọn àbúrò rẹ̀ ya dé láàbù wa. Ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ yẹn, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Òmù-Àrán ti gbọ́ pé láàbù kan wà tí bàbá arúgbó ibẹ̀ kò mọ ẹ̀jẹ̀ kà mọ́, tó fi irọ́ so tọkọtaya pọ̀.

Mátíròn pe Alhaji àti èmi sínú ọ́fíìsì. Ó ṣí kọ̀ǹpútà: AA ló wà níbẹ̀. Sọ́fíwíà yẹn, ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ kẹ́yìn nìkan ló ń fi hàn. Alhaji wò ó pẹ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní walahi, AS lòun tẹ̀ síbẹ̀. Mátíròn ní báwo ló ṣe máa rántí ẹ̀jẹ̀ èèyàn kan láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta? Alhaji sọ pé nítorí òun rí orúkọ, òun mọ̀ pé àbúrò Ìyá Kọ̀ǹpútà ni, òun sì mọ̀ pé ó fẹ́ ṣègbéyàwó. Iṣẹ́ àwọn ò gbà kí òun sọ èsì ẹnìkan fún ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Adúà nìkan lòun ṣe lọ́jọ́ yẹn, pé kí ọkùnrin náà jẹ́ AA.

Mátíròn wá yíjú sí mi. Ó béèrè pé ṣé ẹnìkan lè gba ìta wọlé, kó yí èsì padà?

Ẹ wo bí ẹnu mi ṣe là! Mo wàásù fún wọn. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ti di rúdurùdu lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè kà á. Mo ṣàlàyé èdìdì. Mo ní kọ́kọ́rọ́ tí mo lò, kò sí ẹ̀dá tó lè rò ó dé láé. Mo ní, Mà, kò ṣe é ṣe. Inú ń bí mi sí Alhaji, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ọmọ àbúrò mi ń jìyà, mo sì rò pé ojú rẹ̀ ló ti kú tí kò fẹ́ gbà.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Mátíròn ní kí Alhaji fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kó ẹrù rẹ̀: búùtà àlùwàlá rẹ̀, ẹní ìkírun, awò ojú. Ó dé ẹnu ọ̀nà mi, ó ní, “Ìyá Kọ̀ǹpútà, ó dàbọ̀ o. O ní kì í purọ́.” Mo tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà mi.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Mátíròn ní lọ́yà òun fẹ́ rí gbogbo àkọsílẹ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò yẹn, nítorí àwọn ará ilé Délé ń sọ ti kóòtù. Ni mo bá ṣí àkọsílẹ̀ sáfà, níbi tí VPN ti máa ń kọ gbogbo ẹni tó wọlé sí. Sátidé, ẹ̀ka Ẹ̀sìẹ́ nìkan ló wọlé. Mo fẹ́ pa á dé. Mo wá rí Sọ́ńdè.

Sọ́ńdè, aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀, ẹnìkan gba inú VPN wọlé, ó lo bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó jáde. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pé, kò sí àṣìṣe kankan. Ẹ̀ka Ẹ̀sìẹ́ kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Bí ẹ̀rọ kan bá wọlé, á dárúkọ ara rẹ̀ fún sáfà. Orúkọ tí èyí dá ni Fúnmi Kékeré.

Èmi ni mo sọ fóònù mi àtijọ́ lórúkọ yẹn, nítorí ojú rẹ̀ kéré. Ṣé èmi ni mo wọlé ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí mo wà lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan láti ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ẹni tó ni fóònù yẹn. Nígbà tí mo ra tuntun, mo fún Bísí ní ti àtijọ́, bí gbogbo ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo pa kọ́kọ́rọ́ rẹ́ kúrò nínú rẹ̀ kí n tó fún un, mo tiẹ̀ fi yangàn pé ẹ wo bí mo ṣe ń ṣọ́ra. Àmọ́ mo fi àdírẹ́sì sáfà sílẹ̀, àti ti sọ́fíwíà. Ẹni tó bá ṣí i, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni fóònù máa béèrè.

Mo tún wá rántí ohun kan tó mú kí n fọwọ́ bo ẹnu. Mi ò lè tẹ kọ́kọ́rọ́ yẹn kí ẹnu mi dákẹ́. Oríkì ni, ẹ̀yin ará! Bí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, mò ń kì í lábẹ́ ètè. Ẹ̀ẹ̀melòó ni Bísí ti jókòó tì mí, tó ń pa ẹ̀gúsí, tí mò ń ṣiṣẹ́ láàbù nílé? Ìlà àkọ́kọ́ tó bá gbọ́, ó ti mọ ìyókù.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Olè òkè òkun ni mò ń dí ọ̀nà fún.

Sáfà mi ò ṣe àṣìṣe o. Ó béèrè ẹ̀rí, wọ́n fún un ní ẹ̀rí. Ohun tó mọ̀ ò ju pé ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ ọ̀rọ̀ náà, kò mọ ẹni tí onítọ̀hún jẹ́. Irọ́ náà gba inú VPN mi kọjá, ó di rúdurùdu, ó ní èdìdì, kò sí ẹni tó rí i lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo ohun tí mo ṣe láti dáàbò bo òótọ́, irọ́ ló bá mi dáàbò bò.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀sìẹ́. Bísí ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé, Ayọ̀mídé sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú. Mi ò pariwo. Mo bi í pé, lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, kí ni fóònù mi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

Kò purọ́ fún mi. Kò tilẹ̀ dáwọ́ aṣọ fífọ̀ dúró. Ó ní láti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni lòun ti mọ̀ pé AS lòun. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ òun ti tìtorí rẹ̀ sá lọ. Ó ní lọ́jọ́ yẹn, òun kàn fẹ́ yọjú wò ó ni, bóyá Alhaji á ti ṣèèṣì kọ AA. Ó bá AS níbẹ̀, ló bá pa á rẹ́, ó tẹ AA dípò rẹ̀. Ó ní nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan ni wọ́n ní ó lè jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ńkọ́? Ó ní òun rò pé Ọlọ́run ò ní yan ọ̀kan yẹn fún òun.

Ó wá sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, “Àǹtí mi, gbogbo ìgbà tí wọ́n ń pè é ní ibà, èmi mọ̀. Mo ń gba oògùn ibà lọ́wọ́ wọn, mo mọ̀.”

Mo fẹ́ gbá a létí. Mo fẹ́ gbá a mọ́ra. Mi ò ṣe ìkankan. Mo ní, Alhaji ńkọ́? Ó ní bí mo bá sọ ti Alhaji, Délé lọ nìyẹn.

Ẹ wò mí o! Kí orúkọ bàbá yẹn tó lè mọ́, àfi kí n fọwọ́ ara mi tú ilé àbúrò mi kan ṣoṣo. Màmá wa ní kí n fi bò ó. Wọ́n ní Alhaji ti dàgbà, ó tó àsìkò tó yẹ kó sinmi, ọ̀rọ̀ ilé ni tiwa. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rò ó, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí mo bá ti dé láàbù ni màá rí ìwé ńlá Alhaji lórí kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú eruku lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo sọ fún Bísí pé kó lọ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí mo ń lọ bá Mátíròn. Ó sọ fún un. Ó mú báàgì rẹ̀, ó gba Rórẹ́ lọ. Ó ń wá wo ọmọ, kì í kí ìyá rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, Mátíròn dìde, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ bẹ Alhaji kó padà wá, òun á san gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀, àmọ́ kí ọ̀rọ̀ má jáde. Bí ìlú bá gbọ́ pé ẹnìkan wọ inú kọ̀ǹpútà wa, ta ni yóò tún gbé ẹ̀jẹ̀ wá? Ó ní bí mo bá sọ ọ́ síta, kí n má wulẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo dé Ṣàrẹ́. Alhaji jókòó níwájú ilé, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀pà. Ó ní kí wọ́n bu omi fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí oríkì títí dé orí fóònù. Nígbà tí mo dákẹ́, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé ọmọ náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ń fún un lómi dáadáa? Ẹkún gbé mi.

Mo jíṣẹ́ Mátíròn fún un. Ó ní òun ti dárí jì mí, kí Ọlọ́run dárí ji gbogbo wa. Àmọ́ ó ní àwọn àna ọmọbìnrin òun ti ní kí wọ́n lọ tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò níbòmíràn, nítorí bàbá rẹ̀ tí kò mọ ẹ̀jẹ̀ kà ló yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀. Ó mú ẹ̀pà kan, ó pa á, ó wò ó, ó sọ ọ́ sínú abọ́. “Gbangba ni wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́, ọmọ mi. O wá ń bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀.”

Mo dìde, mo wọ mọ́tò padà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìrora tún gbé Ayọ̀mídé, wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Omi ń kán sí i lára, ó ń ké, kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun. Mo ní kí n kì í, bóyá á dákẹ́. Mo la ẹnu, oríkì ò jáde. Bísí gbé e sáyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, gbogbo ìlà Ìyá Àgbà, sókè, tí ó fi jẹ́ pé ìyá ọlọ́mọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì béèrè pé ilé wo nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ mi kún gbogbo wọ́ọ̀dù. Mo ti jù ú nù nínú sáfà tipẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, sọ́fíwíà sì ti ń béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù pé ta ni ọ́. Igbe ọmọ náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo sọ fún Bísí ohun tí Alhaji wí. Mo ní mo fẹ́ kọ ọ́ síta, àmọ́ màá yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó nu ojú ọmọ. Kò wò mí. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́, Àǹtí mi. Orúkọ mi gan-an ni kí ẹ kọ.”

Mo ti kọ ọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi, ẹ má fi ohun tí gbogbo ilé mọ̀ ti ilẹ̀kùn, ẹ má sì rò pé ẹni tó mọ kọ́kọ́rọ́ ló ni ilé. Bí àgbàlagbà kan bá ní kí òun fi gègé kọ tirẹ̀ sínú ìwé, ẹ fi í sílẹ̀ kó kọ ọ́. Bí ẹ bá sì ti jẹ́rìí tako ènìyàn lórí ohun tí ẹ rò pé ó dá yín lójú, ẹ sọ ọ́ nísàlẹ̀ níbí, kí gbogbo wa gbọ́, kí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ náà lè gbọ́. Màá ka gbogbo rẹ̀.

Àmọ́ kí ẹ tó kọ tiyín, bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni ní Ṣàrẹ́, tàbí ní Òmù-Àrán níbí, ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí i: Alhaji Mùídì ò ṣàṣìṣe. AS ló kọ.